Oògùn Tó Ń Ṣiṣẹ́ Tí Ọmọ Kò Mọ̀ Lára

Ní ọdún 1955, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 13 kan ní Amẹ́ríkà bi bàbá rẹ̀ ní ìbéèrè kan. Susie Maison ni orúkọ rẹ̀, ásímà sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Láyé ìgbà náà, ìgò gíláàsì kékeré tó ní rọ́bà fífún nídìí ni àwọn alásímà fi ń fín oògùn sọ́nà ọ̀fun. Ìgò náà kì í pẹ́ fọ́. Bí wọ́n bá sì fún rọ́bà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, oògùn tó ń jáde lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í dọ́gba. Ọmọ yìí wo agolo tí àwọn obìnrin fi ń fín nǹkan sí irun wọn, ó ní kí ló dé tí wọn ò lè fi oògùn òun náà sínú irú agolo bẹ́ẹ̀.

Bàbá rẹ̀, Dókítà George Maison, ni ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ oògùn Riker Laboratories. Kò ní kí ọmọ náà panu mọ́. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, nígbà tó sì di ọdún 1956, ínhélà alágolo àkọ́kọ́ ti dé ọjà: ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ìwọ̀n oògùn kan náà ló máa fín jáde, ẹ tún un tẹ̀, kò ní yẹ̀. Gbogbo ínhélà alágolo tó wà nínú báàgì ọmọ ilé ìwé ní Ìbàdàn, ní Kútọnu tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí, ìran agolo yẹn ni.

Ọ̀dọ́langba ló béèrè fún un. Mo fẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí àwọn ọ̀dọ́langba gan-an ni ọ̀rọ̀ ínhélà ṣòro fún jù báyìí. Ọmọ ọdún mẹ́fà, ìyá rẹ̀ ló ń fún un lóògùn. Àgbàlagbà ti mọ ohun tó ń ṣe ara rẹ̀. Àmọ́ ọmọ ọdún 12 sí 18 wà láàárín méjì: ìyá ti jọ̀wọ́ oògùn sí i lọ́wọ́, òun náà kò sì tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ara. Ó fẹ́ ṣe bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń ṣe. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i níbi tó ti ń fa oògùn lẹ́nu. Bí ara bá ti yá, ó ti parí lójú tirẹ̀ nìyẹn. Nínú àwọn ìwádìí tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ kékeré ka iye ìgbà tí ọmọ tẹ ínhélà rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kì í lò tó ìdajì ohun tí dókítà ní kí wọ́n lò, bí wọ́n tilẹ̀ sọ fún ìyá wọn pé àwọn ń lò ó.

Ásímà, tí àwọn àgbà ń pè ní ikọ́ fée, kì í ṣe àìsàn tó ń wá tó sì ń lọ. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà ń sáré kiri pápá tí ẹ ò mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é, ògiri inú àwọn ọ̀nà èémí rẹ̀ ṣì wú díẹ̀, kò sì lè fara da nǹkan. Ẹ jẹ́ kí eruku kàn án, tàbí èéfín, òórùn lọ́fíńdà, ọyẹ́, ọ̀fìnkìn lásán. Iṣan tó yí ọ̀nà èémí ká á fún un pinpin, ògiri náà á tún wú sí i, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ki á sì dí ìwọ̀nba àyè tó kù. Ìgbà náà ni àyà á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé.

Ínhélà búlúù, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní Ventolin, tí orúkọ oògùn inú rẹ̀ ń jẹ́ salbutamol, iṣan yẹn nìkan ló ń tú. Ó sì ń tú u kíákíá. Láàárín bíi ìṣẹ́jú márùn-ún ọmọ á ti máa mí dáadáa, agbára oògùn náà á sì wà lára rẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà. Ògiri tó wú ńkọ́? Kò fọwọ́ kàn án rárá. Ẹni tó ń fi abẹ̀bẹ̀ lé èéfín kúrò lójú, tí igi tútù ṣì ń jó lọ nínú àdògán, ló ń fi ínhélà búlúù nìkan wo ásímà.

Oògùn tó ń mú wíwú náà wálẹ̀ ni sìtẹ́rọ́ọ̀dù tí wọ́n ń fà sínú: beclometasone, budesonide, fluticasone. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò rí i gbà. Àwọn tó rí i gbà, wọ́n fi sínú dúrọ́ọ̀, ó wà níbẹ̀. Ọmọ fà á láàárọ̀, kò mọ nǹkan kan lára. Ó fà á lálẹ́, bákan náà. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí iṣẹ́ rẹ̀ tó hàn kedere, bó bá sì hàn, ohun tó máa hàn ni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀: kò húkọ́ lóru, kò dúró láàárín pápá láti wá èémí, kò pa ilé ìwé jẹ. Báwo lẹ ṣe fẹ́ kí ọmọ ọdún 15 gbà pé oògùn tí òun kò mọ̀ lára yìí ló ń dá ẹ̀mí òun sí, àti pé èyí tó ń mú òun mí láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún lè tan òun? Lójú tèmi, ibí yìí ni gbogbo wàhálà náà dì sí, kódà fún àwọn òbí.

Ẹ̀mí ọmọ ni ayé fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Láàárín ọdún 1960 sí 1966, iye àwọn tí ásímà ń pa ní Ìlú Ọba, ní Australia àti ní New Zealand ṣàdédé fò sókè. Ní England àti Wales, àwọn ọmọ ọdún 10 sí 14 ló burú fún jù: láàárín ọdún mélòó kan yẹn, iye tó ń kú nínú wọn sún mọ́ ìlọ́po mẹ́jọ iye ti tẹ́lẹ̀. Isoprenaline tó lágbára gan-an ló wà nínú ínhélà ìgbà náà, wọ́n sì ń rà á ní kẹ́míìsì láìmú ìwé dókítà dání. Ọmọ á tẹ̀ ẹ́, ara á tù ú díẹ̀; á tún tẹ̀ ẹ́, á tún tù ú; bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà èémí ń dí lọ lábẹ́lẹ̀. Àwọn kan ní agbára oògùn náà ló ba ọkàn wọn jẹ́, àwọn kan ní ìtura ẹ̀tàn ló dá wọn dúró nílé títí ó fi pẹ́ jù. Ní 1967 àwọn aláṣẹ kìlọ̀ fún àwọn dókítà. Ní 1968 wọ́n fòfin dè é pé kí ẹnikẹ́ni má rà á mọ́ láìsí ìwé. Iye òkú sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀.

Salbutamol, tí David Jack àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ṣàwárí ní ìlú Ware ní England, dé ọjà ní 1969, kò sì da ọkàn láàmú tó ti àkọ́kọ́. Ní 1972, beclometasone onífífà tẹ̀lé e. Láti ìgbà náà ni oògùn tó ń bá wíwú jà ti wà. Ìwádìí kan láti Saskatchewan ní Kánádà, tó jáde ní ọdún 2000, tilẹ̀ ṣírò rẹ̀ pé bí aláìsàn bá lo agolo sìtẹ́rọ́ọ̀dù kan sí i láàárín ọdún, ewu pé ásímà máa pa á ń fi 21 nínú 100 dín kù. Agolo kan péré!

Síbẹ̀, àwa èèyàn ò yéé sáré tọ búlúù. Kì í sì í ṣe òṣì nìkan ló ń fà á. Ní Ìlú Ọba, níbi tí ọmọdé kì í ti í sanwó oògùn, wọ́n yẹ ikú ásímà 195 wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní 2014. Nínú àwọn 165 tí wọ́n rí àkọsílẹ̀ iye oògùn atura tí wọ́n gbà, 65 ló ti gba ju ínhélà 12 lọ láàárín ọdún tó ṣáájú ikú wọn. Ẹni tó ń lo ju agolo kan lọ lóṣù! Dókítà ń kọ ọ́, kẹ́míìsì ń fún un, kò sì sẹ́ni tó béèrè pé kí ló ń jẹ ẹ́ tán báyìí.

Ìdí nìyí tí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2019 fi ṣe pàtàkì gan-an sí mi, bí ọ̀pọ̀ òbí kò tilẹ̀ gbọ́ nípa rẹ̀. Àjọ GINA, tó ti ń tọ́ àwọn dókítà ayé sọ́nà lórí ásímà láti 1993, yí ìmọ̀ràn tí wọ́n ti ń fúnni láti ọdún pípẹ́ padà. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọmọ ọdún 12, kí dókítà má ṣe fi ínhélà búlúù nìkan tọ́jú rẹ̀ mọ́, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni àìsàn náà ń gbé sí i. Sìtẹ́rọ́ọ̀dù onífífà gbọ́dọ̀ wà nínú ìtọ́jú rẹ̀.

Ìwádìí SYGMA, tó jáde ní 2018, wà lára ohun tí wọ́n gùn lé. Àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 12 sókè ni wọ́n lò. Wọ́n fún àwọn kan ní ínhélà kan ṣoṣo tó ní budesonide àti formoterol nínú, wọ́n ní kí wọ́n máa fà á nígbà tí èémí bá dí nìkan. Formoterol ń tú iṣan kíákíá, agbára rẹ̀ sì ń tó wákàtí 12 lára. Budesonide ń dojú kọ wíwú. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó ń fi oògùn atura nìkan ṣe ara, àìsàn tó le gan-an fi 64 nínú 100 dín kù lọ́dọ̀ wọn. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ọmọ tí kò ní fa oògùn ìdènà láàárọ̀ láéláé, bí àyà bá ti fún un, dandan ni kó wá ìtura. Ibi tó ti ń wá ìtura náà ni oògùn tó kọ̀ sílẹ̀ ti ń wọlé sí i lára. Mi ò tíì rí ìtọ́jú kankan tó bá ìwà ọ̀dọ́langba mu tó èyí. Ó ní ààlà o: fún ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 12, kò gbọdọ̀ ju fífà 12 lọ lápapọ̀ láàárín ọjọ́ kan, dókítà ló sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Níbi tí kò bá sí irú ínhélà alápapọ̀ yìí, àjọ náà ní ọ̀nà míì: bí ọmọ bá ti tẹ búlúù, kó tẹ ínhélà sìtẹ́rọ́ọ̀dù tẹ̀lé e lójú ẹsẹ̀.

Nílé wa ńkọ́? Ìwádìí kan tó kárí Nàìjíríà, tó jáde ní 2019, ṣírò pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 13 èèyàn ló ní ásímà lórílẹ̀-èdè yìí. Ti àwọn ọ̀dọ́langba gan-an, iṣẹ́ ìwádìí ACACIA ló là wá lóye jù. Ìlú mẹ́fà ní Áfíríkà ni wọ́n ti ṣe é, Èkó wà lára wọn, pẹ̀lú Kumasi, Kampala, Blantyre, Harare àti Durban. Wọ́n wọ ilé ìwé, wọ́n bá àwọn ọmọ ọdún 12 sí 14 tó lé ní 27,000 sọ̀rọ̀. Èsì tó jáde ní 2024 fi hàn pé nǹkan bí 12 nínú ọmọ 100 ló ní àmì ásímà. Nínú àwọn tó ní àmì yìí, ẹnì kan nínú márùn-ún péré ni dókítà ti sọ fún rí pé ásímà ni. Àwọn mẹ́rin yòókù wà ní kíláàsì, wọ́n ń húkọ́, wọ́n ń pa ilé ìwé jẹ, wọ́n ń jí lóru, ilé sì ń pè é ní òtútù àyà tàbí ìwà ọ̀lẹ.

Ẹni tí wọn ò tíì sọ orúkọ àìsàn rẹ̀ fún, kò lè ní ínhélà. Ohun tó máa ń rí ni tábúlẹ́ẹ̀tì láti ṣọ́ọ̀bù oògùn tó wà ní kọ̀rọ̀ àdúgbò: salbutamol gbígbé mì, aminophylline, Franol, àwọn mìíràn tí wọ́n wé sínú bébà láìsí orúkọ. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì salbutamol kan ní mílígíráàmù 2 tàbí 4. Títẹ ínhélà búlúù lẹ́ẹ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́wàá mílígíráàmù kan ṣoṣo ni. Ọmọ tó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì onímílígíráàmù 4 mì ti gbé oògùn títẹ̀ 40 mì lẹ́ẹ̀kan. Ó gba inú ikùn, ó wọnú ẹ̀jẹ̀, ó kárí gbogbo ara kí díẹ̀ nínú rẹ̀ tó dé ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi ń gbọ̀n, tí àyà ń lù kìkìkì, tí oorun kò sì wá. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé ìyá tó ń bẹ̀rù pé ínhélà ti le jù fún ọmọ òun, tábúlẹ́ẹ̀tì yìí ló máa ń fún un pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ẹ̀rù yẹn jinlẹ̀, kò sì yẹ kí a fi ẹni tó ń bà ṣe yẹ̀yẹ́. "Ó máa di bárakú fún un." "Gbogbo ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ínhélà, òun ló ń pa wọ́n." Ohun tí àwọn ìyá rí ni pé ẹni tí ásímà pa, ínhélà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òótọ́ ni, ó wà lọ́wọ́ rẹ̀; búlúù ni, òun nìkan ló sì ní. Sìtẹ́rọ́ọ̀dù onífífà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sọ di bárakú. Kì í sì í ṣe irú èyí tí àwọn kan ń fi wú ìṣù apá.

Ìbẹ̀rù kan wà tó ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ o, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, wọ́n tọ àwọn ọmọ tó ń lo budesonide lójoojúmọ́ lẹ́yìn títí wọ́n fi dàgbà. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2012: gíga wọn fi sẹ̀ǹtímítà 1.2 dín sí ti àwọn tí kò lò ó. Ọdún méjì àkọ́kọ́ ló ti ṣẹlẹ̀, kò sì ń pọ̀ sí i lẹ́yìn ìyẹn. Òbí ní ẹ̀tọ́ láti mọ èyí, kí dókítà sì fún ọmọ ní ìwọ̀n tó kéré jù tó lè ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà kí òbí fi sẹ̀ǹtímítà kan àti díẹ̀ sí apá kan òṣùwọ̀n, kó fi èémí ọmọ rẹ̀ sí apá kejì. Ó tún lè mú kí funfun yọ sórí ahọ́n. Omi ni ọmọ á fi yọ ẹnu, á tu ú dànù, lẹ́yìn gbogbo ìgbà tó bá ti fà á.

Ti àwọn ọmọbìnrin tún ní ẹ̀gún tirẹ̀. Nígbà èwe, ọkùnrin ni ásímà máa ń pọ̀ lára wọn jù. Lẹ́yìn ìbàlágà, ó yí padà, ó di ti obìnrin. Àwọn kan tiẹ̀ wà tí ó máa ń le sí fún nígbà nǹkan oṣù. Ìgbà yẹn gan-an ni ilé ń kọ́ ọmọ láti fi àìsàn náà pamọ́, kí ó má baà dí ọ̀nà ilé ọkọ. Ó dùn mí púpọ̀. Ọmọ tó ti kọ́ láti máa lọ fa oògùn rẹ̀ nínú ilé ìyàgbẹ́ ti kọ́ láti má gbé e jáde lọ́jọ́ tó bá nílò rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Jackie Joyner-Kersee, eléré ìdárayá ọmọ Amẹ́ríkà, fi ara rẹ̀ sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀: yunifásítì ló wà nígbà tí wọ́n sọ fún un pé ásímà ni, ó bẹ̀rù pé wọn ò ní jẹ́ kí òun sáré mọ́, kò sì fi gbogbo ara gba ìtọ́jú títí ó fi dá a wólẹ̀. Òun alásímà yìí náà ni obìnrin tó gba àmì 7,291 nínú ìdíje eléré méje ní Olympics Seoul ní 1988. Kò tíì sí obìnrin tó kọjá àmì yẹn. Olùkọ́ eré ìdárayá tó ń lé ọmọ alásímà jókòó sábẹ́ igi yẹ kó gbọ́ orúkọ yìí.

Ó ku bí wọ́n ṣe ń lò ó, níbi tí oògùn tí wọ́n fi owó rà ti máa ń ṣòfò. GINA ní aláìsàn bíi 70 sí 80 nínú 100 kò mọ ínhélà wọn lò bó ṣe yẹ. Ọmọ á gbé e sẹ́nu, á tẹ̀ ẹ́, á fà á lójijì, á tú u jáde: ọ̀fun ni gbogbo rẹ̀ lẹ̀ mọ́. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Kí ó mi agolo náà dáadáa. Kí ó kọ́kọ́ mí jáde títí èémí inú rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kí ètè rẹ̀ di ẹnu ínhélà náà pinpin, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí sínú díẹ̀díẹ̀, bó ti ń bẹ̀rẹ̀ ni kí ó tẹ̀ ẹ́, kí ó máa fà á lọ pẹ̀lẹ́ títí àyà á fi kún, kí ó wá sé èémí, kí ó ka ení títí dé ẹẹ́wàá. Bí ó bá tún fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, kí ó sinmi bí ìdajì ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú kan. Èyí tó jẹ́ ìyẹ̀fun yàtọ̀: òun kò fẹ́ pẹ̀lẹ́, fífà kíákíá pẹ̀lú agbára ló ń gbé e wọlé. Ọmọ tí wọ́n pààrọ̀ ínhélà rẹ̀ láti agolo sí ìyẹ̀fun tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ èyí fún, kò ní rí àǹfààní kankan nínú rẹ̀. Ẹ má bi í pé ṣé o mọ̀ ọ́n lò, yóò ní òun mọ̀ ọ́n. Ẹ ní kí ó lò ó lójú yín.

Sípésà ló ń mú kí iṣẹ́ yìí rọrùn: ike tó ṣófo láàárín agolo àti ẹnu, tí oògùn á dúró sí kí ọmọ tó fà á. Ó wọ́n, ó sì ṣòro láti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú wa. Ní Cape Town, Heather Zar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ọ̀nà àbáyọ. Wọ́n mú ìgò ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò oní-500ml, wọ́n ṣe ihò sí ìdí rẹ̀ ní ìwọ̀n ẹnu ínhélà gẹ́lẹ́, wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí etí rẹ̀, wọ́n ní kí ọmọ fi ẹnu sí ọrùn ìgò. Wọ́n dán an wò lára àwọn ọmọ ọdún 5 sí 13 tí ásímà gbé dé ilé ìwòsàn. Ìwé ìròyìn Lancet gbé èsì rẹ̀ jáde ní 1999: ìgò náà ṣiṣẹ́ bákan náà pẹ̀lú sípésà olówó. Ife ike fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n tún dán wò kò ṣe dáadáa. Ohun tí ìgò náà ń fẹ́ ni kí etí ihò rẹ̀ má jò, kí wọ́n fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀ láìfi aṣọ nù ún, nítorí fífi aṣọ nù ún máa ń mú kí oògùn lẹ̀ mọ́ ara ike. Ọmọ á tẹ oògùn sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á mí sínú mí síta bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan lè ṣe èyí fún ọmọ kí ìyá rẹ̀ tó san owó káàdì tán, ó sì bà mí nínú jẹ́ pé kò tíì di nǹkan tí gbogbo wa mọ̀.

Ilé ìwé onígbèélé ló kù tí mo fẹ́ bá wí díẹ̀. Òfin wà níbẹ̀ pé gbogbo oògùn gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ métírọ̀ọ̀nù. Mo mọ ìdí rẹ̀: àwọn ọmọ ń lo oògùn nílòkulò. Ṣùgbọ́n ínhélà atura kò gbọdọ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì ti tẹ̀lé métírọ̀ọ̀nù lọ sọ́jà. Àpò ọmọ ni àyè rẹ̀. Ọmọ alásímà kò yẹ kó gbá kíláàsì eléruku láàárọ̀ ọyẹ́, kò yẹ kí wọ́n fi pípa koríko jẹ ẹ́ níyà, kò sì yẹ kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ń sun oògùn ẹ̀fọn sí. Òbí tó ń kó gàrí, Milo àti sàdíìnì sínú àpótí lọ́jọ́ ìwọlé, kí ó kọ lẹ́tà kan sí i tó sọ orúkọ oògùn ọmọ, ìgbà tó ń lò ó, nọ́ńbà fóònù, àti ohun tí wọ́n á ṣe bí àìsàn bá gbé e lóru.

Owó wá ńkọ́? Ó ti le jù. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ oògùn GSK ti kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 2023 pé àwọn ń kúrò ní Nàìjíríà, tí náírà sì já wálẹ̀, iye owó ínhélà ti di ìlọ́po-ìlọ́po. Àwọn òbí tó ti ń ra èyí tó dáa fọmọ wọn padà sórí tábúlẹ́ẹ̀tì. Budesonide pẹ̀lú formoterol wà lára àwọn oògùn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kà sí kò-ṣeé-má-nìí. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ wa tí wọ́n ní ètò adójútòfò ìlera ló yẹ kó rà á lọ́pọ̀, kí ó dé ilé ìwòsàn ìjọba ní iye tí oníṣẹ́ ọwọ́ lè san. Ọmọ tí wọ́n gbé dé yàrá pàjáwìrì lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ń ná ilé àti ìjọba ní owó náà, ewu ikú sì tún wà lórí rẹ̀.

Bí àìsàn bá gbé ọmọ níṣojú yín, ẹ jẹ́ kó jókòó, ẹ má dà á délẹ̀. Ẹ fi sípésà tàbí ìgò fún un ní salbutamol, títẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, láti orí mẹ́rin títí dé mẹ́wàá. Bí kò bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ẹ máa tún un ṣe láàárín 20 ìṣẹ́jú síra, lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn ni o, kì í ṣe nílé. Bí kò bá lè parí gbólóhùn kan láìsinmi, bí ètè rẹ̀ bá ń dúdú, tàbí bí àyà tó ń súfèé bá dákẹ́ lójijì tí ọmọ náà kò sì lágbára, ẹ má ka ìṣẹ́jú kankan, ẹ gbé e lọ.

Bí ara bá sì ti balẹ̀, ẹ wo ọjọ́ tí ẹ ra agolo búlúù rẹ̀. Títẹ̀ 200 ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ọmọ tó bá lò tó agolo mẹ́ta láàárín ọdún kan, ásímà rẹ̀ kò sí níkàáwọ́. Èyí tó ń lo agolo kan lóṣù, ewu ikú wà lórí rẹ̀, bó ti wù kó máa rẹ́rìn-ín tó. Ẹ mú un lọ bá dókítà lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ mú gbogbo agolo tó ti lò tán dání, kí ẹ sì béèrè èyí tó ní sìtẹ́rọ́ọ̀dù nínú.